Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run: Àpò Nikotíìnì àti Àlàáfíà Ikùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Kì í ṣe pé àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí fẹ́ dẹ́rù ba ẹni tí ó ń jẹun. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé gbogbo ohun tí ó bá gba ẹnu wọlé ni ó ní ibi tí ó ń lọ, àti pé ẹni tí kò bá bèèrè ibẹ̀ kí ó tó gbé nǹkan sẹ́nu lè wá máa bèèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí. Kókó ọ̀rọ̀ tí ètò yìí dá lé lórí ni ohun titun kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sẹ́nu láìbèèrè. Ohun náà ni àpò nikotíìnì.

Kí ni àpò nikotíìnì? Àpò pẹlẹbẹ funfun kan ni, tí ó dàbí àpò tíì, ṣùgbọ́n tí ó kéré jù ú lọ dáadáa. Inú agolo pẹlẹbẹ ni wọ́n ń kó o sí. Lẹ́búlẹ́bú tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ewé tábà. Fọ́nrán ara igi tí a lọ̀ kúnná ni, tí a fi nikotíìnì, iyọ̀ oríṣiríṣi, ohun aládùn àti òórùn tí ó dàbí ti mínítì sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò fi há àárín ètè òkè àti ẹ̀rìgì rẹ̀, yóò sì fi í síbẹ̀ fún ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Kò ní éfín, kò ní iná, kò sì mú kí ènìyàn máa tutọ́ kiri. Olùkọ́ lè máa kọ́ni lọ́wọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sí iwájú rẹ̀ gan-an ní in lẹ́nu, kí olùkọ́ náà má sì fura.

Àìléèéfín yìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò léwu. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró ni sìgá ń bà jẹ́, àti pé ohun tí kò bá ti dé ẹ̀dọ̀fóró kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tí a há mọ́ ẹ̀rìgì kò jìnnà sí ọ̀nà ọ̀fun rárá. Bí kò bá gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá, ta ni ó gbà á lálejò? Ikùn ni.

Ọgbà àti iṣẹ́ òru

Ìdí tí ó fi tọ́ kí a fi àdúgbò Ọgbà ṣe àpẹẹrẹ kò farasin. Ọgbà wà láàárín Ìkẹjà àti Agége, ní ibi tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ sí jù lọ ní ìpínlẹ̀ Èkó láti ìgbà pípẹ́. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un, tí Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀ kí a tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní agbègbè yìí. Ní 1962 ni Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ sí Ìkẹjà. Láti Ọba Akran dé ọ̀nà Acme, ilé iṣẹ́ oògùn, ti oúnjẹ, ti ike àti ti ìwé títẹ̀ wá kún ibẹ̀. Àwọn kan ti kógbá sílé. Dunlop, fún àpẹẹrẹ, dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Síbẹ̀, ẹ̀rọ ṣì ń dún ní òru ní Ọgbà.

Níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń dún ní òru, ènìyàn ni ó ń ṣọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ tí ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́, ọlọ́dẹ tí ó ń ṣọ́ géètì, awakọ̀ tí ó ń kẹ́rù ní ìdájí, ẹni tí ó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì Agége kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun méjì ni ó ń bá gbogbo wọn jà: oorun àti ebi. Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn ti ń wá ohun ìlékè oorun sí ẹnu. Obì ni ti àtijọ́. Agége gan-an gbajúmọ̀ fún oko obì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Ní 1907 ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, oko J. K. Coker ní Ìfakọ̀, tí kò jìnnà sí Ọgbà, sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí a mọ̀ jù. Lẹ́yìn obì ni kọfí àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò alágbára dé. Àpò nikotíìnì ni ó dé kẹ́yìn.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n ni pé nikotíìnì a máa lé oorun, a sì máa pa ebi lójú. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí owó oṣù rẹ̀ kò ká oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ lè rò pé òun ti rí ohun tí yóò ba òun dá ebi lẹ́kun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kàwé mọ́jú nítorí ìdánwò lè rò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ebi tí a pa lójú kò kúrò nínú. Ikùn tí ó ṣófo sì ni ibi tí nikotíìnì ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ, gẹ́gẹ́ bí àlàyé ìsàlẹ̀ yìí yóò ti fi hàn.

Aáṣáà ni baba rẹ̀

Ohun titun ni orúkọ àpò nikotíìnì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe titun nílẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tábà ti ṣẹ̀ wá. Àwọn Potogí àti àwọn oníṣòwò Bàhíà ní ilẹ̀ Brasil ni wọ́n kó o wá sí etíkun wa lọ́pọ̀ yanturu. Tábà Bàhíà, tí wọ́n ń fi oje ìrèké pa lára kí wọ́n tó ká a, wà lára ọjà tí wọ́n fi ń ra ẹrú ní Wìdá àti ní Èkó. Nígbà tí ó yá, àwọn àgbẹ̀ wa pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín. Ní 1933 ni iṣẹ́ sìgá ṣíṣe bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, ti Ìbàdàn sì tẹ̀ lé e ní 1937. Oko tábà Ìṣẹ́yìn àti agbègbè Òkè-Ògùn sì di èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Ṣùgbọ́n kí sìgá tó dé ni àwọn ìyá àti bàbá wa ti ń lo aáṣáà. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á sá ewé tábà gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì po káún mọ́ ọn. Àwọn kan ń fín in sí imú, àwọn mìíràn ń fi í sí ẹnu. Ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè ni pé: kí ni iṣẹ́ káún níbẹ̀? Kì í ṣe adùn ni ó wá ṣe.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní ti dáhùn. Nikotíìnì, tí àwọn onímọ̀ méjì ará Jámánì, Posselt àti Reimann, kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ láti inú ewé tábà ní 1828, ní ìwà méjì. Nínú omi tí ó kan, ó dàbí ẹni tí a dè lọ́wọ́ dè lẹ́sẹ̀. Kò lè gba inú awọ tín-ín-rín ara kọjá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá fi ohun tí ń pa kíkan sí i, okùn náà á tú, nikotíìnì á sì yọ́ gba awọ ẹ̀rìgì wọ inú ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Káún ni ó ń tú okùn náà nínú aáṣáà. Iyọ̀ tí àwọn tí ó ń ṣe àpò nikotíìnì ń fi sínú rẹ̀ bí ọmọ ìyá ni òun àti káún. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi aáṣáà ìyá rẹ̀ àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó sì ń fi àpò funfun há ẹ̀rìgì, aṣọ ni ó pààrọ̀, kò pààrọ̀ ara. Ìyàtọ̀ pàtàkì tí ó wà ni pé àpò titun náà kò ní ewé tábà, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn májèlé mìíràn tí ó wà nínú ewé náà kò sí nínú rẹ̀.

Ìrìn àjò nikotíìnì láti ẹnu dé ìfun

Nígbà tí àpò bá wà lẹ́nu, ọ̀nà méjì ni nikotíìnì inú rẹ̀ ń gbà. Apá kan ń gba awọ ẹ̀rìgì lọ sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà, ó sì ń dé ọpọlọ láìpẹ́. Apá kejì ń yòrò sínú itọ́. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tí ó ń tu itọ́ àpò yìí dànù, gbígbé ni à ń gbé e mì. Ọ̀nà kejì yìí ni ó kan ikùn gbọ̀ngbọ̀n.

Itọ́ náà yóò gba ọ̀nà ọ̀fun sọ̀kalẹ̀ sí àpòlúkù. Omi inú àpòlúkù kan púpọ̀, nítorí náà okùn tí káún tú lẹ́nu yóò tún so padà, nikotíìnì kò sì ní í lè wọ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá ti kọjá sí ìfun kékeré, níbi tí omi kò ti kan mọ́, yóò tún rí ọ̀nà wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ìfun wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀dọ̀ kọjá. Ẹ̀dọ̀ ni yóò sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú nikotíìnì náà di ohun mìíràn tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Láàárín nǹkan bí wákàtí méjì, ìdajì nikotíìnì tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò ti lọ. Ìdí nìyí tí ọkàn ẹni tí ó ti bára kú fi máa ń fà sí òmíràn láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó bá yọ èyí tí ó wà lẹ́nu.

Ó yẹ kí a mọ ìwọ̀n pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mu sìgá kan tán a máa gba nikotíìnì bíi mílígíráàmù 1 sí ara. Àpò tí ó wọ́pọ̀ ní mílígíráàmù 3 tàbí 6 nínú, àwọn mìíràn sì ju 10 lọ. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń jáde kúrò nínú àpò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mu sìgá rí, tí ó fi àpò alágbára bẹ̀rẹ̀, ti gbé ẹrù tí ó ju orí rẹ̀ lọ.

Ohun tí ikùn ń rí

Èkíní nínú ohun tí àwọn tí ó ń lo àpò yìí ń rí ni òsúkè. Nikotíìnì inú itọ́ a máa ta ọ̀nà ọ̀fun, iṣan tí ó wà láàárín àyà àti ikùn a sì máa fò sókè láìròtẹ́lẹ̀.

Èkejì ni kí inú máa rú, kí èébì sì máa gbé ènìyàn. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá májèlé wà níbẹ̀. Nikotíìnì a máa jí ibẹ̀. Bákan náà, iṣan tí ó ń gbé ìròyìn láti àpòlúkù lọ sí ọpọlọ a máa kígbe pé nǹkan kò dára. Bí ikùn bá ṣófo, kò sí oúnjẹ tí yóò dẹ nǹkan náà. Èébì, òyì, òógùn tútù àti inú rírun lè dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ tí ó ń yí ní aago mẹ́ta òru kò yẹ ní ẹni tí òyì ń kọ́.

Ẹ̀kẹta ni kí àyà máa ta ènìyàn. Ní ìparí ọ̀nà ọ̀fun, níbi tí ó ti pàdé àpòlúkù, iṣan kan wà tí ó yí i ká bí okùn ẹnu àpò. Bí oúnjẹ bá ti wọlé tán, okùn yìí á fún un pa kí omi kíkan má baà padà sókè. Nikotíìnì a máa dẹ okùn náà. Omi kíkan á gòkè, àyà á máa ta bí ẹni pé a fi ata rẹ́ ẹ, ẹnu á sì máa kan. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀bà gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ ata ní alẹ́, tí ó fi àpò há ẹ̀rìgì, tí ó sì wá dùbúlẹ̀, òun ni yóò mọ èyí jù.

Ẹ̀kẹrin ni ọgbẹ́ inú, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ́lsà. Níbí yìí ni ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má sọ ju bí ó ti rí lọ. Títí di nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣègùn gbà pé àròjù àti ata ni ó ń fa ọgbẹ́ inú. Ní 1982 ni Barry Marshall àti Robin Warren ní ilẹ̀ Ọsirélíà rí kòkòrò àìfojúrí kan tí ó ń gbé inú àpòlúkù. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2005. Kòkòrò yìí wọ́pọ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà. Òun àti oògùn ìrora bíi aspirin àti ibuprofen ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọgbẹ́ inú. Nítorí náà, kò tọ́ láti sọ pé àpò nikotíìnì nìkan ni ó dá ọgbẹ́ sí inú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n iná kì í jó kí a tún máa da epo sí i. A ti mọ̀ láti ara àwọn amusìgá pé ọgbẹ́ inú wọ́pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn mìíràn lọ, pé kì í tètè san, àti pé bí ó bá san tán, ó tún ń padà wá. Omi yíyọ̀ tí ó bo ògiri àpòlúkù, tí ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ omi kíkan, a máa dínkù. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa wo ọgbẹ́ náà sàn a sì máa dínkù pẹ̀lú. Ìwádìí lára ẹranko fi hàn pé nikotíìnì fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú èyí. Àpò nikotíìnì kò tíì pẹ́ lọ́jà tó kí a fi ogún ọdún wo ikùn àwọn tí ó ń lò ó. Àmọ́ ẹni tí ó ti ní ọgbẹ́ inú tẹ́lẹ̀, tí ó ń fi oògùn ìrora lé ara ríro lẹ́yìn iṣẹ́ òru, tí ó ń fi ebi sùn, tí ó tún wá ń gbé nikotíìnì mì, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó igi jọ. Ẹyọ iná kan ni ó kù.

Ẹ̀karùn-ún ni ìfun ńlá. Nikotíìnì a máa mú un ṣiṣẹ́ kíákíá, èyí ni ó fi jẹ́ pé ìgbẹ́ máa ń gbọ̀n àwọn mìíràn ní kété tí wọ́n bá ti lò ó. Àwọn kan ń fi èyí yangàn pé ó ń fọ inú. Ìyára kì í ṣe ìfọ̀. Bí ẹṣin bá ń sáré nítorí ẹgba, a kì í sọ pé ara rẹ̀ le.

Ìdájọ́ òtítọ́

Ìmọ̀ tí kò ní ìdájọ́ òtítọ́ kì í ṣe ìmọ̀. Sìgá burú ju àpò yìí lọ. Kò sí onímọ̀ tí ó ń jiyàn rẹ̀. Ọ̀dà àti afẹ́fẹ́ olóró tí ó ń ti ara iná sìgá jáde kò sí nínú àpò. Ẹni tí ó ti ń mu sìgá láti ogún ọdún, tí ó fi sìgá sílẹ̀ pátápátá, tí ó sì ń lo àpò, ti dín májèlé tí ó ń wọ ara rẹ̀ kù. Ìrò yìí wà lára ohun tí àjọ tí ó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fi gbà kí wọ́n máa ta oríṣi ogún nínú ọjà ZYN ní oṣù kìíní ọdún 2025. Àjọ náà sì sọ pé ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò léwu. Lọ́wọ́ kejì, Bẹ́ljíọ̀mù fòfin de títa rẹ̀ ní 2023. Ní Kẹ́ńyà, nígbà tí ọjà yìí dé ní 2019, ìjọba kò pẹ́ tí ó fi dìde sí ọ̀nà tí wọ́n gbà forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìkáwọ́ tábà ti 2015 kò gbà kí a ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ amusìgá tí ó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 19 tí kò mu sìgá rí. Ohun tí ó dín ewu ẹnì kan kù lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ewu fún ẹlòmíràn. Ẹni tí kò sí nínú kànga, kí ni ó fẹ́ fi àkàbà ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí èdè kò tíì ní

Ohun kan wà tí àwọn olùkọ́ èdè gbọ́dọ̀ kíyè sí. Yorùbá ń mu sìgá, wọ́n sì ń fín aáṣáà. Àpò nikotíìnì kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ síbẹ̀. Àbájáde rẹ̀ kì í ṣe ti gírámà nìkan. Bàbá tí ó bá bi ọmọ rẹ̀ pé, “Ṣé o ti ń mu sìgá ni?” yóò gbọ́ èsì pé, “Rárá o, bàbá mi,” ọmọ náà kò sì purọ́. Olùkọ́ tí ó bá ń gbóòórùn ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbóòórùn mínítì. Ohun tí a kò lè dárúkọ, a kò lè bèèrè rẹ̀. Ohun tí a kò lè bèèrè, a kò lè kìlọ̀ fún ni nípa rẹ̀. Bí a bá sọ pé “fífi nikotíìnì há ẹ̀rìgì”, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni a sọ, òbí àti ọmọ á sì mọ ohun tí wọ́n jọ ń sọ.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ìmọ̀ràn kò gbọdọ̀ di ìbúra. Olùkọ́ tí ó bá fi ariwo lé akẹ́kọ̀ọ́ kiri yóò kàn kọ́ ọ ní ọgbọ́n ìfarapamọ́ ni. Ó sàn kí ó fi ìrìn àjò itọ́ láti ẹnu dé ìfun kọ́ kíláàsì, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n fi òye ara wọn dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó ń lò ó, tí inú sì ń run, tí àyà ń ta, tàbí tí èébì ń gbé lemọ́lemọ́, kí ó dáwọ́ dúró, kí ó sì sọ òtítọ́ fún dókítà, nítorí dókítà kò ní í bèèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn inú kíóòsì mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ará Ọgbà kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà. Agolo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wà ní arọ́wọ́tó ọmọdé, nítorí ọmọ kékeré tí ó bá jẹ ẹ́ bíi súùtì lè kú.

Ní ìkádìí, àpò nikotíìnì kì í ṣe iwin, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Aáṣáà tí ó wọ aṣọ funfun ni. Ohun tí òṣìṣẹ́ òru Ọgbà nílò ni oúnjẹ gidi ní àkókò tí ó yẹ, oorun tí ó tó, àti owó iṣẹ́ tí ó ká méjèèjì. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti sọ nù, ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé agolo kékeré wá yóò máa rí oníbàárà. Ikùn ni yóò sì máa san gbèsè rẹ̀.